Ibo ni wákàtí ẹ̀rọ yín ń lọ? Ìtọ́sọ́nà fún ilé-iṣẹ́ pure water ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ bi ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ pure water ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí ló ń dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró jù, yóò ní iná NEPA ni. Ẹ bi ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ, ó ní hítà ni. Ẹ bi rewáyà, ó ní ẹ̀rọ yẹn ti gbó, kí Alhájì lọ ra tuntun. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jàre. Àmọ́ ẹ bi wọ́n pé wákàtí mélòó ni ohun tí wọ́n dárúkọ yẹn jẹ lóṣù tó kọjá, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu.

Iye yẹn la fẹ́ wá jáde. Bí ilé-iṣẹ́ yín bá jọ ọ̀pọ̀ èyí tí mo mọ̀, ohun tí ẹ ó rí ni pé àtúnṣe gan-an kì í pẹ́. Ìdúró ló ń pẹ́: à ń dúró de rewáyà, à ń dúró de páàtì, à ń dúró kí Alhájì gbé fóònù kó fọwọ́ sí owó. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ á máa bínú sí ẹ̀rọ tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ tó ń rọ omi sínú ọ̀rá tó sì ń lẹ̀ ẹ́ pa ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí irú rẹ̀ wà káàkiri ìlú. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, ẹni tó ń fi gbágùúdá ṣe gaàrí, ẹni tó ń fọ́ kajú, kí ó kàn fi orúkọ ẹ̀yà ẹ̀rọ tirẹ̀ rọ́pò. Àwọn iye inú àpẹẹrẹ náà, èmi ni mo tò wọ́n kí ìṣirò má bàa le. Kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan.

1. Ẹ fẹnu kò lórí ohun tí ẹ fẹ́ kà

Kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò, ẹ jọ gbà pé ìṣẹ́jú ìdúró ni ìṣẹ́jú tí ètò yín ní kí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ọ̀rá tó dára kankan kò jáde. Ọjọ́ Sunday tí ẹ ti ilẹ̀kùn kì í ṣe ìdúró. Ẹ̀rọ tó ń yí, àmọ́ tí gbogbo ọ̀rá tó ń pọ̀ jáde ń jò, ìdúró ni, kódà kí ariwo rẹ̀ gba àdúgbò.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín ìdúró sọ́nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹ ṣètò fúnra yín, bíi fífọ ẹ̀rọ tàbí pípààrọ̀ fílítà. Ìkejì ni èyí tó wá láti ìta: iná lọ, díísù tán, ẹni tó ń kó rólù ọ̀rá wá kò tíì dé. Ìkẹta ni ìbàjẹ́ ẹ̀rọ.

Ààlà ìkejì àti ìkẹta ni ìjà máa ń wà. Iná lọ ní aago mẹ́wàá, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àmọ́ pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀rọ kò tàn títí di aago méjìlá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni ti iná. Gbogbo ìyókù, ti ẹ̀rọ ni. Bí ẹ bá di gbogbo rẹ̀ lé NEPA lórí, ẹ ò ní mọ̀ láé pé pánẹ́ẹ̀lì yín ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ nítorí iná tó ń já tó sì ń wọlé lójijì.

2. Ìwé ìdí ẹ̀rọ

Ẹ ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle, ẹ so bírò mọ́ ọn, ẹ sì gbé aago kọ́ ògiri níbi tí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ti lè rí i láìdìde. Fún ìdúró kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ:

- aago tí ẹ̀rọ dúró
- aago tí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe dé ìdí rẹ̀
- aago tí páàtì tó yẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́
- aago tí àtúnṣe parí
- aago tí ọ̀rá àkọ́kọ́ tó dára jáde
- ohun tí wọ́n fojú rí, àti ohun tí wọ́n ṣe sí i
- iye fóltéèjì tí sitabiláísà ń fi hàn nígbà tó ṣẹlẹ̀

Aago márùn-ún yẹn ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé. "Ẹ̀rọ bàjẹ́, a tún un ṣe, wákàtí mẹ́ta" ni mo sábà máa ń bá nínú ìwé àwọn tó tiẹ̀ ń kọ nǹkan sílẹ̀. Wákàtí mẹ́ta yẹn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ṣé wọ́n fi wákàtí mẹ́ta tú bóòtù ni, àbí wọ́n fi ìṣẹ́jú ogún tú bóòtù, tí wọ́n fi ìyókù wá ẹni tó ní sípánà?

Ohun tí wọ́n fojú rí ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe ohun tí wọ́n rò. Kí wọ́n kọ "ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá kò lẹ̀," kí wọ́n má kọ "hítà ti kú." Ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá lè má lẹ̀ nítorí hítà lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ nítorí thermocouple, ìyẹn wáyà tó ń wọn ooru hítà, tó yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, tàbí Teflon, aṣọ tó bo hítà kí ọ̀rá má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, tó ti jó, tàbí rólù ọ̀rá tuntun tó fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá ti kọ "hítà" láti ìbẹ̀rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ìdí mẹ́ta yòókù.

Ìdúró kéékèèké tí kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún kò nílò gbogbo ìyẹn. Ẹ kọ orúkọ wọn sára páálí, kí wọ́n máa fa ilà kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n kà á nírọ̀lẹ́, kí wọ́n sì fojú bu iye ìṣẹ́jú tó jẹ.

Ọjọ́ tí ẹ bá fi ìwé yìí gé owó oṣù ẹnikẹ́ni, ọjọ́ náà ni ìwé ti kú. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ìdúró á di "NEPA." Ẹ sọ fún wọn ní gbangba pé ẹ̀rọ lẹ fẹ́ mọ̀dí rẹ̀, kì í ṣe ènìyàn. Bí ẹ bá sì ní akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó wá ṣe IT lọ́dọ̀ yín, iṣẹ́ gidi nìyí fún un, ó sàn ju kí ẹ máa rán an lọ ra búrẹ́dì: kí ó máa kó ìwé náà sínú Excel ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì bi àwọn tó kọ ọ́ ní ohun tí kò yé e kó tó kúrò lọ́kàn wọn.

Ẹ jẹ́ kó pé oṣù kan, ó kéré tán, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹjọ́.

3. Ìṣirò mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ń ṣiṣẹ́ wákàtí 10 lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù, tí ẹ sì ń fọ ẹ̀rọ lẹ́yìn iṣẹ́. Wákàtí 260 nìyẹn. Iná àti díísù jẹ 18 nínú rẹ̀, àìsí rólù ọ̀rá jẹ 6. Ó ku 236. Nínú 236 yìí, ẹ̀rọ bàjẹ́ nígbà 32, àpapọ̀ àkókò tó fi dúró sì jẹ́ wákàtí 36. Ó fi wákàtí 200 ṣiṣẹ́.

Ẹ pín 200 sí ọ̀nà 32, ẹ ó rí 6.25. Ní ìpíndọ́gba, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 15 kí ìbàjẹ́ tó dé. MTBF ni àwọn ẹnjiníà ń pe èyí. Ẹ pín 36 sí ọ̀nà 32, ẹ ó rí 1.125, ìyẹn wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méje àbọ̀. Ìpíndọ́gba àkókò tí ìbàjẹ́ kan fi ń dá yín dúró nìyẹn, MTTR. Lẹ́yìn náà ẹ pín 200 sí ọ̀nà 236: 0.847. Nínú gbogbo àkókò tí ẹ fi nílò ẹ̀rọ yìí, ìdá 84.7 nínú 100 ló fi wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ má ṣe gbọ́ 6.25 kí ẹ máa rò pé ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà géérégé kó tó dúró. Bó bá jẹ́ pé ìbàjẹ́ kì í ní àkókò kan pàtó tó fi ń dé, bí ìgbà 37 péré nínú 100 ni ẹ̀rọ á fi kọjá wákàtí 6.25 láìdúró. Ẹni tó ṣèlérí ọkọ̀ omi fún olóde ní aago méjì ọ̀sán nítorí "ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́wọ́ rewáyà" kò tíì mọ ìṣirò yìí.

Ìṣirò kan ṣì wà tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ẹ̀rọ lè wà lẹ́nu iṣẹ́ kó má sáré, ó sì lè sáré kí ọ̀rá rẹ̀ máa jò. Bí ẹ̀rọ yín bá yẹ kó ṣe ọ̀rá 2,000 ní wákàtí, wákàtí 200 yẹ kó mú 400,000 wá. Ká ní 330,000 ló mú wá, ìdá 82.5 nìyẹn. Ká ní ìdá 3 nínú 100 jò, ìdá 97 ló dára. Ẹ sọ 0.847 di púpọ̀ pẹ̀lú 0.825 àti 0.97, ó jẹ́ nǹkan bí 0.68. Àwọn ará Japan tó gbé ọ̀nà ìtọ́jú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní TPM jáde ló mú ìṣirò yìí gbajúmọ̀, OEE ni wọ́n ń pè é. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó ń tú àṣírí ẹni tó dín eré ẹ̀rọ kù kó má bàa bàjẹ́. Àmọ́ ẹ má fi bẹ̀rẹ̀. Ìdúró ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ dunjú.

4. Ta ló jẹ wákàtí 36?

Ẹ to ìbàjẹ́ sórí ara wọn, èyí tó jẹ wákàtí jù lókè:

- Hítà àti thermocouple: ìgbà 4, wákàtí 14
- Bíárìn: ìgbà 1, wákàtí 11
- Teflon tó ya: ìgbà 15, wákàtí 5
- Solenoid tí kò ṣí omi dáadáa: ìgbà 3, wákàtí 3
- Sẹ́nsọ̀ tó ń wo àmì ara ọ̀rá: ìgbà 9, wákàtí 3

Bí ẹ bá bi ọmọ ìdí ẹ̀rọ, Teflon ni yóò máa ráhùn lé lórí, nítorí òun ló ń bá a jà lójoojúmọ́. Teflon àti sẹ́nsọ̀ dá a dúró nígbà 24 nínú 32. Wákàtí 8 péré ni wọ́n jẹ. Hítà àti bíárìn, tí wọ́n ṣẹlẹ̀ nígbà márùn-ún péré, jẹ wákàtí 25 nínú 36, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 70 nínú 100. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àmọ́ ẹ má tíì ju làpálàpá yẹn nù pátápátá o. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

5. Ẹ gé ìdúró sí wẹ́wẹ́

Ibí ni aago márùn-ún yẹn ti ń sanwó. Ẹ mú wákàtí 14 ti hítà, ẹ pín in bí ìwé ti kọ ọ́. Kí rewáyà tó dé, wákàtí 5 ti lọ, nítorí ó wà níbi iṣẹ́ mìíràn ní Òkè-Adó tàbí ó ti gba ọ̀nà Ìlọrin lọ. Páàtì gba 6. Àtúnṣe gan-an, wákàtí 2. Kí hítà gbóná padà, kí wọ́n dán an wò títí ọ̀rá tó dára fi jáde, wákàtí 1. Wákàtí méjì ni ọwọ́ ènìyàn fi wà lára ẹ̀rọ nínú mẹ́rìnlá!

Ti bíárìn tún burú ju ìyẹn lọ: wákàtí 9 láti rí i rà, wákàtí 2 láti fi sí i. Wọ́n rán ènìyàn lọ sí Ìbàdàn, ó dé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ò tiẹ̀ rò ó pé Ìlọrin súnmọ́ wa ju Ìbàdàn lọ, kí wọ́n pe ibẹ̀ lórí fóònù kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí hítà kan, thermocouple kan àti bíárìn kan bá wà nínú sítọ̀. Wákàtí 6 ti hítà àti 9 ti bíárìn á kúrò. Ìdúró á bọ́ láti 36 sí 21, ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ fún 215 nínú 236, ìdá 91 nínú 100. Ẹ̀rọ náà ṣì bàjẹ́ nígbà 32. Ẹ ò tíì dín ìbàjẹ́ ẹyọ kan kù. Wákàtí 15 tí ẹ gbà padà, ní 2,000 ní wákàtí, jẹ́ ọ̀rá 30,000, bàágì 1,500 nìyẹn bí bàágì kan bá jẹ́ ogún. Bí ẹ̀rọ yín kì í bá sáré tó bẹ́ẹ̀, ẹ lo iye tó ń ṣe gan-an. Ẹ fi èrè orí bàágì kan ṣírò rẹ̀, kí ẹ wá fi wé owó páàtì mẹ́ta yẹn.

Nọ́ńbà bíárìn wà lára rẹ̀, wọ́n fín in sí ẹ̀gbẹ́ òrùka rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó pa rẹ́. Ti hítà, ẹ wọn gígùn rẹ̀ àti bó ṣe fẹ̀ tó, kí ẹ sì kọ fóltéèjì àti wáàtì rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá ti ní àwọn wọ̀nyí nínú ìwé, fóònù kan tó láti fi rà á.

6. Ẹ máa bi í pé "kí ló fà á?"

Páàtì nínú sítọ̀ ń dín àkókò ìdúró kù, kò dín ìbàjẹ́ kù. Fún ìyẹn, ẹ ní láti wá ìdí. Taiichi Ohno ti ilé-iṣẹ́ Toyota ló sọ ọ́ di mímọ̀ pé kí a béèrè "kí ló fà á" títí tó fi máa pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Kò pọn dandan kó pé márùn-ún. Ẹ kàn má dúró síbi tí ìdáhùn ti jẹ́ orúkọ ènìyàn.

Hítà jó. Kí ló fà á? Ó gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ló fà á? Ẹ̀rọ tó ń darí ooru rò pé ó tutù, ó sì ń fún un níná lọ láìdákẹ́. Kí ló fà á? Thermocouple ti yọ jáde díẹ̀ láyè rẹ̀, atẹ́gùn ló ń wọ̀n dípò irin. Kí ló fà á? Sùkúrù tó dì í mú ti tú. Kí ló fà á? Nígbàkigbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ Teflon, ọwọ́ wọn máa ń fa wáyà rẹ̀.

Ẹ rí i báyìí. Teflon tó jẹ wákàtí 5 péré nínú àkójọ ló ń bí hítà tó jẹ 14. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó máa ń ka ohun méjì tó wà lókè àkójọ kí wọ́n tó pa ìwé dé. Ẹ wo ọjọ́ àti aago inú ìwé: bí hítà bá sábà máa ń jó láàárín ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ Teflon, ẹ ti mú olè. Ojútùú rẹ̀ kò wọ́n: kí wọ́n so wáyà náà mọ́ ara irin kó má máa gbọ̀n, kí wọ́n sì máa fọwọ́ kan sùkúrù yẹn bí wọ́n bá ti pààrọ̀ Teflon tán.

Ibi tí fóltéèjì ti wúlò náà nìyí. Bí ìbàjẹ́ pánẹ́ẹ̀lì bá pọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí iná dé, ẹ ra ohun tó ń dá iná dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó wọ inú ẹ̀rọ, kí ẹ tó ronú pánẹ́ẹ̀lì tuntun. Sẹ́nsọ̀ ní tirẹ̀, ẹ wò ó bóyá ìgbà ọyẹ́ ló ń dààmú jù. Eruku lórí ojú rẹ̀ tó láti mú kó ṣi àmì mọ̀. Aṣọ mímọ́ gbígbẹ láràárọ̀ tó fún un.

7. Ẹ wo gbogbo ìlà láti kànga dé ọ̀rá

Ẹ̀rọ ọ̀rá kò dá wà. Pọ́ǹpù bohóòlù, fílítà àti iná UV tó ń pa kòkòrò inú omi wà níwájú rẹ̀, bí ọ̀kan bá sì dúró, gbogbo rẹ̀ dúró. Ká ní pọ́ǹpù wà lẹ́nu iṣẹ́ ìdá 98 nínú 100, fílítà 97, UV 99, ẹ̀rọ ọ̀rá 85. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ ara wọn, ìdá 80 ló kù fún yín. Mẹ́ta tó dára gan-an ṣì fa ti ìkẹrin sílẹ̀.

Tánkì orí òkè ni ohun tó ń gbà yín. Bí omi inú rẹ̀ bá lè gbé ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́fà, pọ́ǹpù tó bàjẹ́ fún mẹ́rin kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Àmọ́ ẹ ṣì kọ ìbàjẹ́ pọ́ǹpù náà sílẹ̀, torí tánkì máa ń bo àìsàn rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú pátápátá.

Àwọn kan á ní kí ẹ ra ẹ̀rọ ọ̀rá kejì. Lórí ìwé, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń dúró ìdá 15 nínú 100, kí méjèèjì dúró pọ̀ jẹ́ 0.15 lọ́nà 0.15, ìdá 2.25 péré. Òótọ́ ni, bí ohun tó ń ba ọ̀kan jẹ́ kò bá kan èkejì. Bí méjèèjì bá wà lórí sitabiláísà kan náà tí iná burúkú bá dé, wọ́n á jọ lọ.

8. Èyí tí ẹ máa pààrọ̀, èyí tí ẹ máa fi sílẹ̀

Àṣà wa ni kí a ní "lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, ẹ tú gbogbo rẹ̀." Ní 1978, Nowlan àti Heap ti ilé-iṣẹ́ bàálù United Airlines gbé ìròyìn kan jáde ní Amẹ́ríkà: nínú àwọn ẹ̀yà bàálù tí wọ́n yẹ̀ wò, ìdá 11 péré nínú 100 ni gbígbó ń mú kí ewu ìbàjẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí i. Ìdá 68 ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í síbẹ̀ ni ewu rẹ̀ ga jù. Ẹ̀rọ omi kì í ṣe bàálù, ohun tó ń jẹra nínú rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà bá wa mu: títú ohun tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lè dá ìbàjẹ́ tuntun sílẹ̀.

Teflon, bẹ́líìtì, fílítà àti bíárìn máa ń jẹ tán, nítorí náà ẹ fún wọn ní wákàtí tàbí iye ọ̀rá tí wọ́n á lò. Pánẹ́ẹ̀lì, solenoid àti sẹ́nsọ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ iná àti omi, kí ẹ sì fi ọ̀kan pa mọ́. Bíárìn pàápàá máa ń sọ̀rọ̀ kó tó kú: ó ń gbóná, ó ń kùn. Ọmọ tó bá ń gbé ọwọ́ lé ilé bíárìn láràárọ̀, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn wákàtí kan, lè rí i ṣáájú kó tó kú.

9. Ẹ ya ilà oṣù

Lórí bébà gíráàfù àwọn ọmọ iléèwé, ẹ kọ àpapọ̀ wákàtí tí ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́ sísàlẹ̀, kí ẹ kọ àpapọ̀ iye ìbàjẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi ààmì sí i fún ìbàjẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ilà bá ń tẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń lọ, àtúnṣe yín ń ràn yín lọ́wọ́. Bó bá gùn tààrà, nǹkan kò yí padà. Bó bá ń dìde gíga sí i lẹ́yìn tí ẹ ti ṣe gbogbo ohun tó wà lókè yìí, ìgbà náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí ẹ̀rọ tuntun jẹ́.

Oṣù tí òjò bá ń rọ̀, tí omi kò yá lọ́jà, ni kí ẹ fi ṣe iṣẹ́ ńlá tó ní láti dá ẹ̀rọ dúró fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Kí sítọ̀ ti pé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, nítorí oṣù tí gbogbo ìlú bá ń wá omi tútù ni wákàtí kan máa ń wọ́n jù.